Ohun Tí Mo Sọ fún Dókítà Nípa Yín

Bàbá mi, Bàbá Ọlọ́ta,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i. Tí a bá ṣe àdúà fún yín, Áàfáà á ka tiẹ̀, àwa á ṣe àmín, gbogbo wa á sì jẹ sàárà. Kò sí ibi tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ láti sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àti bírò lónìí, lẹ́yìn tí mo yan gààrí tán. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ẹ̀gẹ́, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ìyá wà dáadáa. Orúnkún ń dùn wọ́n, ẹnu ò dùn wọ́n rárá. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn yín. Mùfútáù àbúrò mi, ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo, ti gbéyàwó. Rìsíkátù lorúkọ ìyàwó, ọmọ Lánlátẹ̀ ni, ó sì ti bí ìbejì. Ní Igbó-Ọrà wa yìí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Àwọn aládùúgbò kàn yọjú, wọ́n béèrè pé ṣé akọ ni àbí abo, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọkùnrin kan, obìnrin kan ni. Táyé ni ọkùnrin. Iwájú orí yín ló gbé wáyé, ó gbé e wá pátápátá, kò ṣẹ́kù.

Ọdún kẹta tí ẹ ti lọ ti ń sún mọ́lé, mi ò tíì sunkún. Ní ọjọ́ tí a sin yín, àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo gba kádàrá, pé mùmínì òdodo ni mí. Mi ò gba nǹkan kan. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Mo ń jẹun, mo ń ta gààrí, mo ń bá èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dárúkọ yín, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹlòmíràn. Ìyá rò pé mi ò fẹ́ràn yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn tí ẹ bá yọ sí wọn lójú àlá.

Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń ṣe ọta. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí àwọn ọdẹ ń múra láti dáná sun ìgbẹ́, láti Ayétẹ̀ títí dé Ẹ̀rúwà ni wọ́n ti ń wá yín wá. Ẹ ó ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ẹ ó fi àáké là á, ẹ ó da omi kíkan inú rẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri níbi tí koríko kì í hù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kó òjé inú rẹ̀ sínú ìkòkò irin, ẹ ó gbé e ka iná èédú nínú ahéré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Tó bá ti yọ́, tó ń dán, ẹ ó fi ṣíbí gígùn bù ú sínú agolo tí ẹ ti dá ihò sí nídìí, á sì máa kán bọ́ sínú garawa omi, ṣìì, ṣìì, ṣìì. Atẹ tí Ìyá fi ń fẹ́ ìrẹsì ni ẹ fi ń ṣà á. Ti ìgalà lọ́tọ̀, ti ọ̀yà lọ́tọ̀, ti àparò lọ́tọ̀. Tí Ìyá bá pariwo pé kí ẹ wá atẹ tiyín, ẹ ó ní ohun tí iná bá ti là kọjá kò lẹ́gbin mọ́. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ọdún Iléyá, orí atẹ yẹn ló ń bá kọjá.

Tí ẹ bá sì ń ki ìbọn, ọwọ́ kan á mú ẹ̀tù, ọwọ́ kejì á mú ọ̀pá ìkìbọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọta máa wà. Bí gbogbo ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ lè fi ọta sẹ́nu kí ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹ máa bá wa wí, kí ẹ sì tu wọ́n sínú ìbọn níkọ̀ọ̀kan láìgbàgbé iye tó kù. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo rò pé ó dùn.

Lẹ́yìn ọta ni ìgò. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ló sọ fún yín pé èéfín òjé máa ń dì sí èèyàn láyà, pé kò sí ohun tó lè yọ́ ọ àfi ògógóró tí wọ́n rẹ egbò igi sí, pé ohun gbígbóná ló ń lé ohun gbígbóná. Gbogbo ẹni tó ń yọ́ òjé ló ń mu ún. Oògùn òjé la máa ń pè é. Bàbá yín wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, báwo la ṣe fẹ́ pè é ní nǹkan mìíràn? Ẹ máa ń ṣe Bísímílà kí ẹ tó gbé e mì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ó wá jẹ orógbó kan kí òórùn rẹ̀ lè kú, ẹ ó fi omi yọ ẹnu, ẹ ó ṣe àlùwàlá, ẹ ó sì tètè lọ bá wọn kí ìrun Alásárì.

Ife kékeré kan ni lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó tún yá, ẹ ń mu ún ní ọjọ́ tí iná ò tiẹ̀ jó nínú ahéré. Mi ò mọ ọjọ́ tó yí padà. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Bàbá?

Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí epo, tí ìtọ̀ yín náà pọ́n, a ní ibà pọ́njú ni. A se ewé, a fún ọsàn wẹ́wẹ́, a fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ikùn yín wú, ọwọ́ yín gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo gbé yín lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ló rí wa, ọmọdé sí yín dáadáa, ó wọ awò ojú. Ó béèrè iṣẹ́ yín, mo ní àgbẹ̀ ni yín. Irọ́ kọ́ nìyẹn, ta ni kì í ṣe àgbẹ̀ ní Ìbàràpá? Ọta ò wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ ni. Ó tún ní, “Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?” Ojú ń tì yín láti dáhùn, mo bá yín dáhùn.

Mo ní, “Rárá o, Dókítà. A kì í mutí nílé wa. Mùsùlùmí ni wá.”

Ẹ ń wo ẹsẹ̀ yín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ohun tí a sọ fún un ló sì wò. Wọ́n fa omi kúrò nínú ikùn yín, ara tù yín, a darí sílé. Kò pẹ́ tí ẹ fi padà sínú ahéré. Nígbà tí àìsàn tún gbé orí, gbogbo wa gbà pé òjé ló ń rú sókè láyà yín, Mùfú sì ń ra ìgò méjì níbi tó ti ń ra ọ̀kan. Bí ẹ ṣe ń ṣàìsàn tó ni a ṣe ń fún yín ní oògùn tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan ẹ kú, kí wọ́n tó kí ìrun Àìlà, a ti sin yín.

Mùfú gba ìkòkò irin, ó gba agolo, ó gba ìgò. Kò sẹ́ni tó pín ogún yẹn fún un, ó kàn wọ inú ahéré lọ ni. Ó mọ ọta ṣe jù yín lọ díẹ̀, ẹ má bínú. Nígbà tí àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rá, iwájú ahéré ni wọ́n fẹ́ràn. Ní ọjọ́ kan Táyé ṣa ọta kan nínú yẹ̀pẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Rìsíkátù fi ìka yọ ọ́, Ìyá pariwo pé ọmọ ọdẹ ni lóòótọ́, Bàbá ló padà wá. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Mùfú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọta ń bọ́ nílẹ̀. Rìsíkátù wá bá mi níbi tí mo ti ń yan gààrí, kò jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ojú ẹ̀. Ó ti ń pọ́n bí ẹ ṣe sọ pé ti Bàbá pọ́n.” Mo bu omi paná, mo lọ wò ó. Òótọ́ ni.

Ọsibítù kan náà la lọ, dókítà kan náà la bá. Kò rántí yín, Bàbá. Àwọn tó ń rí lóòjọ́ pọ̀. Ó béèrè iṣẹ́, Mùfú ní àgbẹ̀ lòun. Ó béèrè ọtí. Mùfú ní, “Rárá o, Dókítà. A kì í mutí nílé wa. Mùsùlùmí ni wá.”

Kò sí lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ ọ. Ó kàn jáde bẹ́ẹ̀ ni, lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Mo ń wo bírò dókítà tó ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ò bí mi, ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Irọ́ ni, Dókítà. Ó ń mu ògógóró, Bàbá wa náà mu ún. Wọ́n sì ń yọ́ òjé bátìrì fi ṣe ọta.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n tún ti òjé yẹn sọ.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń bójú tó májèlé tó bá wọ ara, yálà ẹnu ló gbà wọlé ni o, imú ni o. Ó ní ọtí nìkan lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òjé náà ń ṣe é níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ló burú jù. Nǹkan kan wà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ fi ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan náà ló fi ń kojú ọtí, òun náà ló fi ń kojú òjé. Tí wọ́n bá jọ dé, kò ní kárí. Ẹ̀dọ̀ á máa gbọgbẹ́, ojú ọgbẹ́ á máa le, títí tí kò fi ní sí ibi tó rọ̀ mọ́. Òjé ò sì tètè kúrò, á lọ fara pamọ́ sínú egungun, á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ògógóró yẹn, ṣé kì í fọ òjé kúrò láyà ni? Ó wò mí. Ó ní, “Màmá, òun gan-an ló ń bá a ṣiṣẹ́.”

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Mo gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú mìíràn nínú rédíò.

Ó ní ti Mùfú ò tíì bọ́ sórí. Ẹ̀dọ̀ ṣì lè tún ara rẹ̀ ṣe tó bá fi méjèèjì sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan, méjèèjì ni. Ó ní kí a gbé àwọn ọmọ wá kí wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà.

Nígbà tí a dé àgbàlá ilé, Mùfú ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tú Bàbá síta.” Mo ní òkú kì í tijú. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà yẹn sọ. Tó bá jẹ́ pé oògùn yẹn ló bá òjé pa Bàbá, èmi ni mo ń rà á. Èmi ni mo ń bù ú fún wọn nígbà tí ọwọ́ wọn ò lè gbé ife. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n gbà nìyẹn?” Ó wọ inú ahéré, ó fọn iná. Ọjọ́ kejì ó fọn ọ́n, ọjọ́ kẹta ó fọn ọ́n. Ó ń yọ́ òjé tí ọdẹ kankan ò bẹ̀ ẹ́. Mo wá rí i pé òùngbẹ nìkan kọ́ ló mú un. Tó bá fi lè dáwọ́ dúró, ó ti gbà pé òun ló pa yín nìyẹn, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òun náà kú ju kí ó gbà á lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ bá a nínú ahéré. Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un, tí èmi pẹ̀lú yín nìkan mọ̀.

Ẹ rántí ìgbà kejì tí a lọ rí dókítà, nígbà tí àìsàn yín tún gbé orí. Kò bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ló kọjú sí. Ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ máa ń lò?” Ẹ gbé orí sókè. Ẹ ní, “Dókítà, èmi máa ń…”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyàwó Áàfáà wa wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wò wá. Mo di ọwọ́ yín mú, mo fún un mọ́ra débi tí egungun fi dún. Mo ní, “Wọ́n máa ń gbààwẹ̀ gan-an ni, Dókítà. Tí Ràmàdáánì bá tán, wọn kì í fẹ́ ṣíwọ́.” Ẹ wò mí. Ojú yín pọ́n, mi ò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ ò gbìyànjú rẹ̀ mọ́ títí tí ẹ fi kú.

Mùfú ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ sọ ọ́?” Mo ní wọ́n fẹ́ sọ ọ́, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Tó bá ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi lé lórí, orí mi rèé, kò jù ú lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi dúró tì í. Mo fẹ́ bá a sunkún, kò wá. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé garawa omi, ó dà á sórí iná.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò dùn tó bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó ti wó ahéré, ó gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ jìn, ó dà á sí ibi tí ọmọ ò lè dé. Àwọn ọdẹ Ayétẹ̀ wá, ó ní òun ò ṣe é mọ́, wọ́n bínú lọ. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ Táyé, Kẹ́hìndé ní díẹ̀. Wọ́n ní a ó máa gbé wọn wá fún àyẹ̀wò. Mo ti sọ atẹ Ìyá nù, Ìyá sì ti bú mi fún un. Ṣùgbọ́n ọtí ṣòro fún Mùfú ju òjé lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo máa gbọ́ òórùn orógbó, màá sì mọ̀.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni dókítà ní kí a padà wá. Èèyàn kún inú ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ò ṣe é tì, mo sì rí ojúlùmọ̀ mẹ́ta lára wọn. Dókítà bi Mùfú pé ṣé ó ti fẹnu kan ọtí láti ìgbà tó ti lọ. Mùfú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn.

Ó ní, “Dókítà, èmi máa ń mu ún. Mo mu ún lánàá.”

Ohùn yín ló fi sọ ọ́, Bàbá. Ó sọ ọ́ dé òpin.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
tí kò jẹ́ kí ẹ sọ tiyín.